Piquet: Káàdì Mélòó Ló Yẹ Kí N Pààrọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Piquet, eré káàdì ẹni méjì tí àwọn Faransé ń ta. Bó bá kàn mí láti kọ́kọ́ pààrọ̀ káàdì, méjì péré ni mo máa ń pààrọ̀, kí èyí tó dára lọ́wọ́ mi má baà bàjẹ́. Síbẹ̀, ó ń nà mí ṣáá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ máa mú márààrún. Káàdì 32 ni wọ́n fi ń ta Piquet, láti 7 dé éèsì. 12 á wà lọ́wọ́ yín, 12 lọ́wọ́ àbúrò yín, 8 á sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí 5 nínú 8 yẹn. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, àbúrò yín láyè láti mú un.

Ká ní ohun tó wà lọ́wọ́ yín nìyí: éèsì, ọba, ayaba, 9 àti 8 ọkàn, éèsì àti 7 kílọ́ọ̀bù, éèsì àti 10 dáyámọ́ńdì, jáàkì, 9 àti 7 sípéèdì. Ẹ da gbogbo sípéèdì nù, pẹ̀lú 7 kílọ́ọ̀bù àti 10 dáyámọ́ńdì. Jáàkì yẹn á máa wù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Éèsì sípéèdì lẹ ń wá, kí éèsì yín lè pé mẹ́rin. Káàdì 20 lẹ ò tíì rí. Bí ẹ bá mú 5, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá mú 2, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá ni.

Bí jáàkì àti 10 ọkàn bá tún bá a wọlé, ẹ ti ní ọkàn 7 tó tẹ̀léra: máàkì 7 fún iye wọn, 17 fún pé wọ́n tẹ̀léra, 14 fún éèsì mẹ́rin. 38 nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti pé 30 báyìí, tí ẹnì kejì kò tíì rí nǹkan kan kà, 60 ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní repique.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pín káàdì, ẹ yí ọwọ́ padà. Àbúrò yín ló máa kọ́kọ́ ju káàdì, kò sì sí irú káàdì kan tó jẹ́ ọ̀gá lórí ìyókù nínú eré yìí. Nítorí náà, ẹ dáàbò bo ara yín: ẹ fi káàdì kékeré kan ti ọba lẹ́yìn, kí éèsì rẹ̀ má baà gbé ọba yín lọ, ẹ fi méjì ti ayaba. Tó bá fi lè borí ní gbogbo ìgbà 12 tí ẹ máa ju káàdì, máàkì 40 ló máa gbà. Tí ẹ bá borí lẹ́ẹ̀kan péré, 10 ló máa mọ.