Sílíńdà Wo Ló Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Mẹkáníìkì. Bọ́ọ̀sì HiAce oníbẹntiróòlù ni mò ń wà láti Nyanya sí Berger ní Abuja. Owó epo ti jẹ èrè mi tán, ẹni tó ni ọkọ̀ wá ní kí n lọ yí i sí CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà. Ìyàwó mi ní bí mo bá gbé gáàsì sínú ọkọ̀, òun ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Jórinjórin kan ní Mararaba ní òun á bá mi ṣe sílíńdà ní ìdajì owó. Ṣé kí n gbà? — Awakọ̀, Nyanya.

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí jórinjórin yẹn fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé CNG kì í ṣe gáàsì ìdáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọra rìn títí yóò fi bá iná pàdé. CNG fúyẹ́, òkè ló ń gbà lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni bí wọ́n ṣe ń fi agbára kì í mọ́ inú sílíńdà: nǹkan bíi 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan). Táyà ẹ̀yìn yín tí ẹ bá fọn dé bar 4 ti le bí òkúta, àádọ́ta irú rẹ̀ lẹ fẹ́ gbé kiri yẹn. Ọkọ̀ tó bú ní ilé epo kan ní Benin City ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti CNG, ló gbé.

Wọ́n gbé ọkọ̀ kan tó ní irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní Kubwa. Ọ̀dà tuntun ń dán lára sílíńdà náà. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ ti ọkọ̀ náà jáde, kí wọ́n má tilẹ̀ sítáàtì rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Inú bí wọn. Kò kàn mí.

Sílíńdà CNG tòótọ́ kì í ní ojú ìjó. Ẹ wo ara rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, agbára tó lè gbà, àti ISO 11439, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún sílíńdà CNG inú ọkọ̀, tàbí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn.

Táǹkì bẹntiróòlù yín á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ó fi epo sítáàtì, ọkọ̀ á wá bọ́ sórí gáàsì. Bí ọkọ̀ bá kún fún èrò, á lọ́ra díẹ̀ bó bá ń gun òkè. Ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ rẹ̀ le, torí bó bá máa lo gáàsì nìkan, ó máa gba pọ́lọ́ọ̀gì tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Àyè ẹrù ẹ̀yìn ni sílíńdà máa gbà, bóyá ìjókòó kan pẹ̀lú. Ẹ bá ẹni tó ni ọkọ̀ dúnàádúrà owó tẹ́ ẹ̀ ń san fún un lójúmọ́ kí wọ́n tó di bóòtù àkọ́kọ́.