Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù yín ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin wà l'Ókè-Òkun: ta ló máa san owó ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Manchester, ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ: àwọn jàǹdùkú já wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé yín ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí ìwọ́de dàrú, wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n kó ẹrù ayálégbé, wọ́n tún dáná sun apá ẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ yín kan wá ní kẹ́ ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ lẹ́jọ́, torí pé ní ìlú ọba ìjọba ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Àmọ́ òfin ọ̀hún ò lè dé ibi tí ilé yín wà.

Ní England àti Wales níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, láti 1886 ni òfin ti wà pé tí àwọn èèyàn bá kóra jọ dá rògbòdìyàn sílẹ̀, tí wọ́n ba ilé tàbí ọjà ọlọ́jà jẹ́, inú owó ọlọ́pàá àdúgbò yẹn ni wọ́n ti máa san án. Wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò ẹ̀ ní 2016. Àwọn tó ń jà gbọ́dọ̀ tó èèyàn méjìlá kí òfin tó kà á sí riot, owó tẹ́nì kan lè gbà ò lè ju mílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ, ọjọ́ 42 sì ni wọ́n fún èèyàn láti kọ̀wé béèrè. Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé ẹ ò ní láti fi hàn pé ọlọ́pàá jẹ̀bi kankan, iṣẹ́ wọn ni kí ìlú fara rọ, ìlú ò fara rọ, ó parí. Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn, kóòtù wọn tó ga jù ti sọ ní 2005, nínú ẹjọ́ Castle Rock, pé ẹni tí ọlọ́pàá ò wá gbà sílẹ̀ ò lè tìtorí ẹ̀ fi ìwé òfin ilẹ̀ wọn pe ìlú lẹ́jọ́. Ìlú Seattle níbẹ̀ san mílíọ̀nù 3.65 dọ́là ní 2023 fún àwọn onílé àti oníṣòwò tí àwọn olùwọ́de dí àdúgbò wọn pa ní 2020, àmọ́ ẹ̀sùn wọn ni pé ìlú fúnra ẹ̀ gbé nǹkan ìdènà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn tó dí i.

Tiwa ńkọ́? Ìwé òfin 1999, abala 14, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni ìdí pàtàkì tí ìjọba fi wà. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ abala 6 inú ìwé kan náà ló ní kóòtù ò lè dá ẹjọ́ lórí orí kejì, inú orí kejì yẹn gan-an ni abala 14 wà, torí náà tí lọ́yà kan bá ní òun máa fi abala 14 nìkan gba owó fún yín, ẹ má tíì sanwó fún un. Ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọn ò ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí wọ́n lè pàṣẹ fún. Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo Nàìjíríà. Gómìnà gan-an, tó bá pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, kọmíṣọ́nà lè ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ bi ààrẹ. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù, Abuja ló lẹ́rú yìí.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Oṣù kẹwàá 2020, nígbà EndSARS, lọ́sẹ̀ tí wọ́n yìnbọn ní Lekki tí gbogbo nǹkan wá dàrú, wọ́n dáná sun sẹkitéríàtì APC ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa, àwọn kan sì wọ ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ. Aládùúgbò ẹ̀ pe àgọ́ ọlọ́pàá kan lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kò sí epo nínú mọ́tò. Nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀, àgádágodo ṣì wà ní títì, ìlẹ̀kùn ni wọ́n gé níbi àgbékọ́ ẹ̀. Maṣíìnì mẹ́ta ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀, ike ara ẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, àlùmọ́gàjí àǹtí mi nìkan ló kù lórí tábìlì, ó ti dúdú.

Aṣọ oníbàárà ló pọ̀ jù nínú ohun tó jóná. Léèsì èèyàn mẹ́rìnlá, aṣọ ẹbí ìyàwó, ìnáwó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó ní kí àǹtí mi gbàgbé ẹ̀ torí pé rògbòdìyàn ni, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì béèrè aṣọ wọn. Ó san án o. Oṣù mẹ́jọ ló fi san án, ó ta ṣéènì ẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, wọ́n fi aṣọ sí ìkáwọ́ ẹ̀, aṣọ jóná, ó san án bí ò tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló dáná sí i. Àwa náà fi ìlú sí ìkáwọ́ ìjọba, à ń san owó orí, à ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ìlú jóná, kò sẹ́ni tó wá bi àǹtí mi léèrè pé eélòó ni maṣíìnì ẹ.

Torí náà mo fara mọ́ ọn pátápátá pé kí òfin sọ ọ́ di dandan fún ìjọba láti máa sanwó. Àwọn kan á ní owó tiwa náà ni ìjọba máa fi san án. Òótọ́ ni, àmọ́ kó pín díẹ̀díẹ̀ sórí gbogbo wa sàn ju kó wó lé aránṣọ kan lórí. Ẹ̀rù kan tó ń bà mí ni kí wọ́n má torí àtisá fún owó wá máa yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́. Òfin yẹn gbọ́dọ̀ mú ti ẹni tí wọ́n yìnbọn fún náà dání. Ibẹ̀ yẹn kóòtù wa ti gbìyànjú, ìlú Odi ní Bayelsa tí àwọn ṣójà pa run ní 1999, kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt ní kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún wọn ní 2013. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ ọwọ́ ìjọba fúnra ẹ̀ ló bà á jẹ́, ọ̀nà là díẹ̀. Tó bá jẹ́ jàǹdùkú, lọ́yà yín ní láti fi hàn pé ọlọ́pàá mọ̀, wọ́n lágbára láti wá, wọn ò sì wá, ẹjọ́ yẹn le, mi ò ní tàn yín.

Ó dáa, kí lẹ máa ṣe báyìí. Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún àbúrò yín kó má gbálẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn wa, ojú ń tì wá kí ilé dọ̀tí, kílẹ̀ tó mọ́ a ti gbá ẹ̀rí dànù. Kó ya fídíò láti òde wọlé láìgé e, kó ya gíláàsì, ibi tí wọ́n gé, ògiri tó dúdú, gbogbo ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ náà gan-an kí ọjọ́ lè wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá pe ọlọ́pàá lálẹ́ yẹn, kó má pa call log ẹ̀ rẹ́ o, kó ya àwòrán ojú fóònù ẹ̀, torí ìyẹn ló máa sọ pé ọlọ́pàá mọ̀. A ò mọ̀yẹn nígbà ti àǹtí mi, aládùúgbò yẹn ti pààrọ̀ fóònù kí lọ́yà tó béèrè.

Ìnṣọ́ránsì, tí ẹ bá ní, ẹ pè wọ́n lónìí, kẹ́ ẹ tún kọ̀wé tẹ̀ lé e. Ẹ ka ìwé yẹn dáadáa, torí pé iná nìkan ni òmíì ń san, ti rògbòdìyàn máa ń dá wà, èèyàn ló máa ń béèrè pé kí wọ́n fi kún un. Ilé yín lẹ máa béèrè owó fún, ẹrù ayálégbé tiẹ̀ ni, kó wá tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má pò ó pọ̀.

Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní power of attorney, tó máa jẹ́ kẹ́nì kan lè ṣojú yín nílé, ẹ ṣe é ní Manchester níbẹ̀ níwájú notary public, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kí lọ́yà yín nílé kọ́kọ́ bá yín kọ ọ́, kó sì sọ bóyá ẹ ní láti gbé e dé High Commission wa ní London kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ò gbé ní Àkúrẹ́ sí i. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ jáde, àti risíìtì ìgbà tẹ́ ẹ kọ́lé, kẹ́ ẹ wá quantity surveyor, ìyẹn ẹni tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́, tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ kó kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ, ti bíríkìlà nìkan ò tó ní kóòtù.

Oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní tí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ ti kú. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bíi kí wọ́n pa èèyàn tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé láìdáa, ìlànà kóòtù ti 2009 ò ka ọjọ́ sí yín lọ́rùn, àmọ́ ti gíláàsì àti ògiri, oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Tí ìjọba bá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ dúró.

Ohun tí àbúrò yín máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la ni kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́lé yín jù, kó mú fọ́tò dání, kó kọ ohun tó bàjẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú statement ẹ̀, kó má kan kọ "ẹrù ṣọ́ọ̀bù", kó béèrè fún extract, ìyẹn ìwé tí ọlọ́pàá máa ń fúnni pé èèyàn ti wá fẹjọ́ sùn, tí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíì kó béèrè orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbà á, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, mo máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa fi búra ní kóòtù gíga.