Ìbọn bàbá wa ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò nílé

Màmá wa ní Ṣágámù, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ó sì ti lé lóṣù mẹ́rin báyìí. Ẹ ní látìgbà tí onílé yín ti wo fídíò ọkùnrin tó yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Lewiston, ní Amẹ́ríkà, ló ti ní kẹ́ ẹ lọ wá ilé míì, pé òun ò lè máa fi wèrè sílé kó wá pa gbogbo wọn dànù. Ẹ wá béèrè pé ṣé lóòótọ́ lọmọ yín lè ṣe irú ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní kẹ́ ẹ gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín, torí ọ̀nà yìí làbúrò mi rìn, èmi ni mo sì dì í lọ́wọ́ mú.

Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa ti kú nígbà yẹn, ọdẹ ni wọ́n, ìbọn ṣakabùlà wọn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa se ìkọ́kọrẹ́. Àbúrò mi gbóòórùn ẹ̀ láti ìta, ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí i. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyá wa sì wà nínú ilé ìdáná lọ́hùn-ún.

Mi ò ní tàn yín, Màmá, ẹ̀rù bà mí. Àwọn tó ń sọ pé kò séwu kankan nínú àìsàn yìí, wọn ò tíì dúró níwájú ọmọ ìyá wọn tó mú àdá lọ́wọ́ rí. Mi ò pariwo, mi ò sì sáré mọ́ ọn. Mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, mo jókòó lórí àpótí, mo bu ìkọ́kọrẹ́ yẹn, mo ń jẹ ẹ́ níṣojú ẹ̀. Mo ní, “Bí wọ́n bá fi nǹkan sí i, èmi ló máa kọ́kọ́ pa. Dúró kó o wò mí.” Ó dúró lóòótọ́, ó ń wò mí. Oúnjẹ yẹn tutù sínú abọ́ kó tó gbé àdá sílẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ọjọ́ kẹfà rèé tóun ò tíì sùn, pé ohùn yẹn ò jẹ́ kóun sùn.

Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti fi àdìrẹ ìyá wa wé ìbọn yẹn, mo kó ẹ̀tù inú agolo mọ́ ọn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá wa kan tóun náà jẹ́ ọdẹ, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Àdá àti ọ̀bẹ, ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo kó wọn lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí bínú sí mi gan-an. Wọ́n ní obìnrin kì í gbé ìbọn ọdẹ jáde nílé, pé mo ti tú àṣírí ìdílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ò dá mi lóhùn fún odindi ọdún kan. Wọn ò mọ̀ pé lójoojúmọ́ làbúrò mi ń gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn kọjá.

Ìbọn yẹn ni mo rántí nígbà tí mo gbọ́ ìtàn Lewiston dáadáa. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni, ní ìpínlẹ̀ Maine. Robert Card lorúkọ ọkùnrin náà, ó wà lára àwọn ológun àfikún, ìyẹn àwọn tí wọ́n máa ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò wọn. Èèyàn 18 ló pa níbi méjì, ibi táwọn èèyàn ti ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ṣeré, tí wọ́n ń pè ní bowling, àti ilé ọtí kan. Ara ẹ̀ ò yá lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ó ń gbọ́ táwọn èèyàn ń bú u níbi tẹ́nì kankan ò ti bú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Láti oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ọmọ ẹ̀ àti ìyá ọmọ náà ti sọ fún ọlọ́pàá pé ara ẹ̀ ò yá, pé ó ti lọ kó ìbọn bíi 10 sí 15 nílé arákùnrin ẹ̀. Ní oṣù keje, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan tí wọ́n jọ jẹ́ ológun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pé òun gbà pé ọkùnrin yìí máa yìnbọn lu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ ní 2024 pé àwọn ọlọ́pàá àtàwọn ọ̀gá ológun ní àǹfààní láti gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò sì lò ó.

Ìdílé ẹ̀ ṣe bíi tèmi, Màmá. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Kò kàn sẹ́ni tó gbé ìbọn wọ̀nyẹn kúrò ni. Bí onílé yín bá ní fídíò lòun wò, ẹ bi í pé ṣé ó gbọ́ ìyẹn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń jà mí lọ́kàn jù ni bí “wèrè” ṣe ń yá wa lẹ́nu. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pa èèyàn tí kò dín ní 40. Gbogbo wa sunkún. Ta nínú wa ló sọ pé wèrè ló ṣe é? Kò sí. Ohun tí gbogbo wa ń béèrè ni pé àwọn wo ni, ta ló rán wọn. Àmọ́ tó bá ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀, tẹ́ni tó ṣe é sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ká tó mọ orúkọ ẹ̀ la ti ní orí ẹ̀ ti dàrú. Anders Breivik pa èèyàn 77 ní Norway ní 2011. Àwọn dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní orí ẹ̀ dàrú, àwọn kejì ní kò dàrú, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ní 2012 pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìkórìíra ló kún inú ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Duke, Jeffrey Swanson, ti ṣírò ẹ̀ fún Amẹ́ríkà pé ká tiẹ̀ ní gbogbo àìsàn ọpọlọ tó le pòórá lónìí, nǹkan bí 4 péré nínú 100 ìwà ipá ló máa bá a lọ. 96 tó kù á ṣì máa ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àìsàn yìí ló ń fà wọ́n. Ẹ̀rù àwọn yẹn ni ì bá máa ba onílé yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń bà. Àbúrò mi ti ń ránṣọ báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Lewiston jáde, obìnrin kan tó gbé léèsì fún un pé kó bá òun rán an fún ìgbéyàwó lóṣù Kejìlá wọlé, kò jókòó, ó lóun fẹ́ gba aṣọ òun. Ó lọ́kọ òun ló ní kóun gbà á. Mo wà níbẹ̀. Àbúrò mi ò bi í léèrè ìdí. Ó mú léèsì yẹn sílẹ̀ látorí pẹpẹ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n níṣojú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, “Ọ̀pá márùn-ún tẹ́ ẹ gbé wá náà rèé, mà. Mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án.” Ó ká a dáadáa, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Nígbà tóbìnrin yẹn lọ tán, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, kò sì ṣí i mọ́ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí wọ́n ní ó máa yìnbọn yìí kì í fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn. Ẹ mọ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ṣe máa ń yìnbọn sókè. Lọ́dún tó kọ́kọ́ bá wa débẹ̀ lẹ́yìn tára ẹ̀ yá, abẹ́ àga la ti fà á jáde, ó dọwọ́ bo etí méjèèjì. Látìgbà yẹn, inú ilé ló máa ń wà lọ́jọ́ náà, á yí rédíò sókè. Aṣọ tó rán làwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń wọ̀ lọ, kò sì tíì fojú ara ẹ̀ rí i lọ́rùn wọn níbẹ̀ rí.

Ohun tí a ṣe tí kò dáa, ẹ má bá wa dá a láṣà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àdá yẹn, ilé àdúrà kan la kọ́kọ́ mú un lọ. Oṣù márùn-ún ló lò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n ń nà án kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde. Àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ìdí tí kì í fi í wọ ṣòkòtò péńpé nìyẹn. Ó sá jáde níbẹ̀, ó sì wọ ọjà Òkè-Ajé níhòòhò lọ́sàn-án gangan. Mo tú ìró mi fi wé e, yẹ̀rì ló kù sí mi nídìí láàárín ọjà. Àwọn ọmọdé ń juko. Ẹnì kan ní, “Ó ti wọjà, ó parí nìyẹn,” torí a ti gbọ́ látọjọ́ pípẹ́ pé wèrè tó bá ti wọjà kò gbóògùn mọ́. Ìyá onígàrí kan ló bọ́ ìborùn ẹ̀ fún mi, tó bá wa pe ọkọ̀. Irọ́ ni òwe yẹn, Màmá. Ó gbóògùn.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró, ní Abẹ́òkúta, la gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, tó jẹ́ pé ní 1954 ló ní káwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé lágbègbè Àró, kí ẹbí tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lójúmọ́. Lẹ́bàá èèyàn ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, Màmá. Ẹ sọ ìyẹn fún onílé.

Oògùn àkọ́kọ́ mú kí ọrùn ẹ̀ gan, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, àwọn ará ilé ní wọ́n ti bà á jẹ́ tán. A sọ fún dókítà, wọ́n fi oògùn míì tì í lẹ́yìn, ó sì rọ̀. Bí irú ẹ̀ bá ṣe ọmọ yín, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ padà lọ sọ. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ oṣooṣù ni wọ́n ń gún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é padà láàárín ọdún wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jẹ́ pé ó ti fo abẹ́rẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń yí padà lára ẹ̀ ni oorun. Tó bá ti di òru méjì tí kò sùn, mo ti mọ̀ pé a ní láti lọ.

Nítorí náà, Màmá: ẹ wo inú ilé yín lónìí. Bí ìbọn bá wà, bí àdá bá wà, bí apakòkòrò bá wà, ẹ kó o kúrò, torí tiẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe torí yín nìkan. Bó bá ti dárúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe ní jàǹbá, tàbí tó ní ohùn náà ń pàṣẹ fóun, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má bá a jiyàn pé kò sí ohùn kankan, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń sọ. Láti Ṣágámù, ọkọ̀ tó gba Ṣíún máa gbé yín dé Abẹ́òkúta. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ràn sí lẹ́nu jù dání, kó lè jókòó tì í nínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé, torí ẹ ó gbàgbé ìdajì ẹ̀ níwájú dókítà.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétígbọ̀ọ́ àbúrò mi lánàá. Ó ní kí n sọ fún yín pé bí ọmọ yín bá fẹ́ bá ẹni tóun náà ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí sọ̀rọ̀, òun wà ní ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́sàn-án lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ abẹ́rẹ́ òun.