Ṣé mo lè fi iyanrìn kùsà mọ búlọ́ọ̀kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Bùkúrù lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́lé sí. Bíríkìlà mi ní ká fi iyanrìn dúdú tí àwọn awakùsà tánganran fi sílẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìtànṣán wá, ó ń dún ṣáá. Ṣé ewu ni? Tí a bá wá fi omi fọ iyanrìn náà ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí bíríkìlà ní sùúrù ná. Kì í ṣe torí pé ẹ̀rọ dún o: kò sí ilẹ̀ tí kò ní yùréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti pọ̀tásíọ̀mù-40 díẹ̀ nínú, àwọn nǹkan tó ń tú ìtànṣán jáde. Ẹ̀rọ ọwọ́ kàn ń ka gbogbo wọn pọ̀ ni, kò mọ èwo ni èwo. Ibi tí iyanrìn yẹn ti wá ló ń kọ wá lóminú, nítorí monazite, ohun àlùmọ́ọ́nì kan tó wúwo, máa ń wà nínú èyí tó ṣẹ́kù nídìí tánganran, monazite ló sì ń gbé tóríọ̀mù.

Ẹ bù ú níbi márùn-ún ó kéré tán, ẹ pò ó pọ̀, ẹ mú bíi kílò kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọn á sá a nínú ààrò ní 105 sí 110°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́ (omi ń bù kún ìwọ̀n, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ), wọn á fi asẹ́ onímìlímítà 2 sẹ́ ẹ, wọn á wá dé e pa sínú ike fún ọjọ́ 28. Ọjọ́ 28 yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Yùréníọ̀mù ló ń di rédíọ̀mù níkẹyìn, rédíọ̀mù ń di gáàsì radon, ìdajì radon sì ń pòórá láàárín ọjọ́ 3.8; ọjọ́ 28 ló ń jẹ́ kí èyí tó ń wáyé àti èyí tó ń pòórá dọ́gba. Bismuth-214 tó ń tẹ̀lé e ni ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò ń kà, ní 1,764 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán). Bí ìdérí bá ń jò, gáàsì á sá lọ, ilẹ̀ eléwu á dà bí ilẹ̀ rere. Ti tóríọ̀mù wà ní 2,614 keV, ti pọ̀tásíọ̀mù ní 1,460. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ka òfìfo ike irú kan náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ká ní èsì jẹ́ becquerel (òṣùwọ̀n bí ìtànṣán ṣe ń jáde tó) 60 fún rédíọ̀mù, 250 fún tóríọ̀mù, 400 fún pọ̀tásíọ̀mù, nínú kílò kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí, kí gbogbo wọn lè di ìwọ̀n rédíọ̀mù kan ṣoṣo: 60 + (1.43 × 250) + (0.077 × 400) = 448.3. Ohun ìkọ́lé kò gbọdọ̀ ju 370 lọ, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo bí tóríọ̀mù nìkan ṣe kó 357.5 nínú rẹ̀.

Ẹni tó kàn gba orí ilẹ̀ náà kọjá kò ní nǹkan púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ẹni tó ń sùn láàárín ògiri tí wọ́n fi í mọ lóru, tí fèrèsé tún wà ní títì, ni ọ̀rọ̀ kàn: radon ló tẹ̀lé sìgá nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti fífi omi fọ̀ ọ́, ẹ má dán an wò. Fífọ̀ gan-an ló dá ọ̀ràn sílẹ̀: omi ń gbé iyanrìn tó fúyẹ́ lọ, monazite tó wúwo ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni èyí tó kù ń burú tó. Bí ẹ bá sì ti kó o sílé, ẹ má sẹ́ ẹ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ kò yẹ fún imú ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó kó o jáde.