Ọmọ mi ti há gbogbo ọ̀rọ̀ inú Macbeth sórí, kí ló dé tí máàkì ẹ̀ ò gòkè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Manchester ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi wà ní Year 11, ó máa ṣe GCSE, ìdánwò àṣekágbá iléèwé wọn níbí, lọ́dún yìí, Macbeth ti Shakespeare sì ni wọ́n ń kà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ bí ogójì látinú eré yẹn sórí káàdì kéékèèké, ó há wọn sórí pátá, ó tún mọ orúkọ gbogbo ọnà-èdè tó wà níbẹ̀, metaphor, simile, soliloquy, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀. Síbẹ̀ "feature spotting" ni tíṣà ẹ̀ máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀, máàkì ẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò ka lítíréṣọ̀ rí láyé mi. Kí ni tíṣà yẹn ń sọ, kí ni mo sì lè fi ran ọmọ mi lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ GCSE ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, irú ọmọ yín yìí ló sì máa ń dùn mí jù, torí wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, ibi tí wọ́n da gbogbo agbára wọn sí ni ò tọ́.

Ohun tí tíṣà ẹ̀ ń sọ ni pé ọmọ yín ń rí ọnà-èdè, ó ń pè é lórúkọ, ó sì ń kọjá lọ. Á kọ ọ́ pé "metaphor rèé, ó fi hàn pé ọkàn Macbeth ń dá a lẹ́bi", ó parí, ó ti bọ́ sórí òmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara aláìsàn gbóná, tẹ́ ẹ ò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ sókè àbí sílẹ̀, àti nǹkan tó ṣeé ṣe kó fà á, ṣé dókítà máa gbà á lọ́wọ́ yín? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúkọ ọnà-èdè nìkan kì í gba máàkì tó pọ̀, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe níbi tí wọ́n gbé e sí ló ń gba máàkì.

Ẹ wá gbọ́, ogójì ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ìdánwò AQA, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń ṣètò GCSE, ni iléèwé ẹ̀ ń lò, wọn ò ní gbé ìwé eré yẹn wọ yàrá ìdánwò lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á tẹ apá kan nínú ẹ̀ sórí ìwé ìbéèrè, wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ kó tó wá sọ̀rọ̀ lórí eré náà lápapọ̀, máàkì 30 ni, wọ́n á fi 4 lé e fún sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa lò ti wà níwájú ẹ̀. Èmi máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n mú nǹkan kan ṣoṣo, kí wọ́n tẹ̀ lé e látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré, bí ẹni tó ń tọpasẹ̀ ẹran nínú igbó, ọ̀rọ̀ kúkurú mẹ́wàá tí wọ́n so mọ́ra dáa ju ogójì tó fọ́n káàkiri lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọba Duncan nínú eré yẹn ni "What bloody man is that?", ìyẹn ni pé ta ni ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ bò yìí. Jagunjagun kan ló ń tojú ogun bọ̀ tọ́gbẹ́ wà lára ẹ̀, ọba sì ń yìn ín pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ àti ọgbẹ́ ara ẹ̀ ló bá a mu, iyì ló wà nínú méjèèjì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ròyìn pé Macbeth, ọ̀gágun ọba tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe eré náà, fi idà la ọ̀tá kan láti ìdodo dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń pọ́n ọn lé nítorí ẹ̀. Torí náà níbẹ̀rẹ̀, iyì ni ẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́, Macbeth kan náà yìí lọ gún ọba tó wá sùn sílé ẹ̀ pa, ló bá wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó ní "Will all great Neptune's ocean wash this blood / Clean from my hand?" Neptune ni òrìṣà òkun àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ó ń béèrè bóyá gbogbo òkun lè wẹ ọwọ́ yìí mọ́, òun náà ló dá ara ẹ̀ lóhùn pé rárá, ọwọ́ òun ló máa sọ òkun di pupa. Ọmọ yín máa kọ "hyperbole" síbẹ̀, òótọ́ ni, àsọrégèé ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi sọ ọ́ régèé? Ẹni tó la èèyàn sí méjì lójú ogun tí ojú ẹ̀ ò ṣẹ́, ọwọ́ ara ẹ̀ ló wá ń bà á lẹ́rù. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Nínú sínnì kan náà, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ìyàwó ẹ̀, Lady Macbeth, wọlé, ẹ̀jẹ̀ kún ọwọ́ tiẹ̀ náà, ó ní "A little water clears us of this deed". Omi díẹ̀ péré! Ọkọ ní gbogbo òkun ò tó, ìyàwó ní omi díẹ̀ ti tó. Kí ọmọ yín gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó má kàn sọ pé àwọn méjèèjì mẹ́nu ba omi. Kó wá lọ sí Act 5 Scene 1, ìyẹn sínnì àkọ́kọ́ nínú apá karùn-ún eré náà, níbi tí obìnrin yẹn ti ń rìn lójú oorun, tó ń fọ ọwọ́ tí kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, ìránṣẹ́ ẹ̀ sọ fún dókítà pé òun ti rí i tó fi ìṣẹ́jú 15 ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó ń sunkún pé "all the perfumes of Arabia will not sweeten this little hand". Ẹ ṣàkíyèsí "little" yẹn, mà. Omi díẹ̀ ló ní ó tó nígbà yẹn, ní báyìí gbogbo lọ́fíńdà ilẹ̀ Lárúbáwá ò tó ọwọ́ kékeré kan. Ọ̀rọ̀ kékeré tí kò sẹ́ni tó ń há a sórí ló padà wá mú un. Tí mo bá kọ́ àwọn ọmọ débẹ̀ yẹn, kíláàsì máa ń dákẹ́, inú mi sì máa ń dùn títí di àkókò yìí.

Ọkọ ńkọ́? Òun ò wá omi kiri mọ́. Ní Act 3 ó ní òun ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ jìnnà, "I am in blood / Stepped in so far", débi pé pípadà sẹ́yìn ò rọrùn ju kóun là á kọjá lọ. Òkun tó ní kò lè wẹ òun mọ́, ó ti sọ ọ́ di odò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ́ kọjá fẹsẹ̀ ara ẹ̀. Tọkọtìyàwó ti gba ipò ara wọn, èyí tó ń bẹ̀rù níjọ́sí ti le bí òkúta, èyí tó le níjọ́sí lọkàn ẹ̀ fọ́. Kókó yìí nìkan lè gbé odindi àròkọ kan.

Ohun kan tún wà níbi ìrìn ojú oorun yẹn tí àwọn ọmọ kì í rí, torí kò sí lórí káàdì. Àwọn ọlọ́lá inú eré yìí, ewì ni wọ́n sábà máa ń fi sọ̀rọ̀, ìró mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ìlà, ìkejì ìkejì ló ń wúwo. Lójú oorun ewì yẹn já mọ́ Lady Macbeth lẹ́nu, ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ, ó ń já wọn kélekèle. Àwọn àjẹ́ mẹ́ta inú eré náà, tí wọ́n sọ fún Macbeth pé ó máa jọba, ní lílù tiwọn, "Double, double, toil and trouble", lílù mẹ́rin lórí ìlà, ìró àkọ́kọ́ ló wúwo, etí Yorùbá á gbọ́ ọ bí ọfọ̀, kò sì ṣìnà. Kí ọmọ yín lu tábìlì sí i, á gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, "Fair is foul, and foul is fair", àwọn àjẹ́ ló sọ ọ́ ní sínnì àkọ́kọ́, pé èyí tó dáa ni kò dáa, èyí tí kò dáa ló dáa. Kó má dúró sórí pé "paradox" ni, ọ̀rọ̀ tó ń tako ara ẹ̀. Kó sọ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Macbeth fúnra ẹ̀ sọ nínú eré ni "So foul and fair a day I have not seen", kò sì tíì pàdé wọn nígbà yẹn o! Ọ̀rọ̀ wọn ti wà lẹ́nu ẹ̀ kí wọ́n tó ríra. Ṣé àwọn ló wá tì í ni àbí ó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kó béèrè, kó gbèrò lé e, àwọn tó ń máàkì fẹ́ràn kí ọmọ ronú.

Ní ti ìtàn àsìkò yẹn, gbólóhùn kan ti tó, kó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé. Bíi pé James tó jẹ́ ọba ilẹ̀ Scotland tó tún wá jọba England lọ́dún 1603 kọ odindi ìwé lórí àwọn àjẹ́, àwọn èèyàn kan sì ti gbìyànjú láti fi ẹ̀tù pa á ní 1605, nítorí náà eré nípa ẹni tó pa ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré létí àwọn tó kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ̀yin wá ńkọ́, mà? Pé ẹ ò ka lítíréṣọ̀ rí ló máa wúlò jù. Lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ ní kó mú káàdì kan, kó pa ìwé dé, kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín ní Yorùbá. Tí kò bá lè túmọ̀ ẹ̀ fún yín, kò tíì yé e nìyẹn, bó ti wù kó há a sórí tó. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé ta ló ń sọ ọ́, ta ló ń gbọ́ ọ, ṣé a ti gbọ́ irú ẹ̀ níbì kan ṣáájú, kí ló sì ti yí padà látìgbà yẹn. Kó tún yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kó fi òmíì rọ́pò ẹ̀, kó ní "river" dípò "ocean" bí àpẹẹrẹ, kó sọ ohun tó sọnù fún yín. Ìdáhùn tó bá fún yín lórí ìbéèrè yẹn gan-an ni kó kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "little water" àti "little hand" lálẹ́ òní. Àwọn káàdì tó kù, kó tò wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì, èyí tí kò bá rí ìkejì ẹ̀ nínú wọn, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.