Fáìlì tí wọ́n kó fún yín kì í ṣe fídíò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó ọmọ wa kó fáìlì kan sórí fúláàṣì fún wa, ó ní iṣẹ́ ti parí. Orúkọ rẹ̀ parí sí .prproj, kò sì ju 2MB lọ. Tẹlifíṣọ̀n kò rí i, fóònù kò ṣí i. Mo yí orúkọ rẹ̀ sí .mp4, pàbó ló já sí. Kí ni mo lè fi yí i padà? — Ìyá Ìyàwó, Òkè-Fíà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Mà. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi yí i padà, torí kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Irú fáìlì yìí ni Adobe Premiere Pro, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fídíò tí wọ́n sì fi ń tò ó, fi ń tọ́jú ètò iṣẹ́: ibi tí wọ́n ti gé fídíò, orin tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, àti ibi tí fídíò tí kámẹ́rà yà wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n ara sí ló rí; aṣọ kò sí níbẹ̀. Orúkọ tẹ́ ẹ yí kò kan ohun inú rẹ̀, ẹ dá a padà sí .prproj.

Ẹ tètè lọ bá ẹni náà kó tó pa àwọn fídíò kámẹ́rà rẹ́ láti fi wá àyè fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí àwọn fídíò náà bá ti lọ, tí ẹnikẹ́ni sì ṣí .prproj náà, “Media Offline” (pé kò rí fídíò) nìkan ni yóò máa rí.

Bí wọ́n bá ṣì wà, kò le. Kó ṣí iṣẹ́ náà, kó tẹ Ctrl àti M pọ̀, kó sì mú H.264 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dì fídíò kó má baà tóbi jù) níbi Format. MP4 ló máa jáde, ohùn inú rẹ̀ á sì jẹ́ AAC, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dì ohùn. Kó lo 1920 × 1080 níbi ìwọ̀n àwòrán, kó sì fi iye fíréèmù (iye àwòrán inú ìṣẹ́jú àáyá kan) sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yà á. Ẹni tó bá sọ 25 di 30 yóò rí i pé àwọn tó ń jó á máa ta gìdìgìdì.

Níbi bitrate (ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 8 Mbps tó fún òde ìyàwó. Wákàtí kan rẹ̀ á gba nǹkan bíi 3.6GB. Bó bá lo 10, ó di 4.5GB, fúláàṣì tí wọ́n fọ́mátì sí FAT32 (ọ̀nà kan tí fúláàṣì ń gbà to fáìlì) kì í sì í gba fáìlì kan tó bá ju 4GB lọ, bó tiẹ̀ ṣófo. exFAT, irú fọ́mátì mìíràn, á gbà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í ka exFAT. Ó sàn kó pín in sí apá méjì.

Bí iná bá lọ kó tó parí, fáìlì náà lè tóbi síbẹ̀ kó má ṣí, torí ìparí ni wọ́n sábà máa ń kọ atọ́ka MP4 sí, èyí tó ń sọ ibi tí àwòrán àti ohùn wà nínú fáìlì. Kó tún un gbé jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

ÌBÉÈRÈ: Fídíò ọdún Ọ̀ṣun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn rẹ̀ ń dún, àwòrán kò jáde. — Òǹkàwé, Ọjà Ọba, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé H.265, ọ̀nà ìdì fídíò tó tuntun ju H.264 lọ, ni wọ́n fi dì í, èyí tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ̀. Ẹ gba HandBrake, áàpù tó ń tún fídíò dì, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fà fídíò náà sínú rẹ̀, ẹ yan Fast 1080p30, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé H.264 (x264) ló wà níbi Video Encoder, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ 10-bit sí. Ẹ wá tẹ Start. Ẹ má pa ojúlówó rẹ́ o: gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún fídíò dì ni àwòrán ń dín díẹ̀, nítorí náà, látinú ojúlówó ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é.