Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ ná, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbá mú

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní yunifásítì kan ti gbé irinṣẹ́ òkúta àti àpáàdì ayé àtijọ́ tí wọ́n hú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ ẹ ò mọ bẹ́ ẹ ṣe máa fi ṣiṣẹ́ torí nọ́ńbà lásán ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ojú mi sì ti rí nǹkan nídìí ẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ ná. Òkúta tẹ́ ò bá mọ inú kòtò tí wọ́n ti hú u àti ìpele ilẹ̀ tó wà, bó ti wù kó dùn ún wò tó, kò lè sọ nǹkan púpọ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí fọ́tò náà tóbi dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi yíǹkì kọ sára òkúta fúnra ẹ̀. Ẹni tó walẹ̀ ló sábà máa ń kọ ìyẹn, tìsàlẹ̀ fọ́tò sì lè jẹ́ èyí tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tara òkúta ni kẹ́ ẹ mú lọ sínú ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀, apá ibòmíì ni wọ́n sábà ń kó ìyẹn sí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí líǹkì láàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìwé àfọwọ́kọ ni, tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà bá yín wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan, ojú yín lẹ máa fi kà á láti ewé dé ewé, 1 á jọ 7, omi á ti ba igun ewé jẹ́, nígbà míì ẹni tó ṣe síkáànù á ti gé etí ìwé dànù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ bí kòtò ṣe jìn tó sí! Ó máa ń dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó lè wa kòtò yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan tó máa ń gbà mí ni àwòrán ògiri kòtò, wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n síbẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 30.48 ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe 30, torí tí kòtò bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà 7 ṣìnà nìyẹn, odindi ìpele kan lè má nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti walẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a o. Bí àpẹẹrẹ, Olduvai ní Tanzania, níbi tí wọ́n ti hú irinṣẹ́ òkúta ayé àtijọ́, Oldoway làwọn ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1913 ń kọ, àwọn míì ń kọ Oldupai báyìí. Ẹ má sì rò pé ojú kan ni gbogbo ẹrù wà, àwọn nǹkan tí Dorothy Garrod, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, hú nínú ihò àpáta Mount Carmel ní Ísírẹ́lì láàárín 1929 sí 1934, ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n pín in fún.

Tẹ́ ẹ bá rí BP (Before Present, ìyẹn iye ọdún sẹ́yìn) lára ọjọ́ orí, 1950 ni wọ́n ti ń kà á padà sẹ́yìn, kì í ṣe òní. Èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù inú èédú wá láwọn ọdún 1960 sì nílò àtúnṣe, torí 10,000 tí wọ́n kọ nígbà yẹn máa ń sún mọ́ 11,500 ọdún gidi.

Ẹ má sì ka iye òkúta inú àkójọ àtijọ́ kẹ́ ẹ wá sọ pé irú kan ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ àwọn tó walẹ̀ nígbà yẹn ń kó èyí tó rẹwà, wọ́n á da èérún òkúta nù.

Níbi tí ìwé bá ti já, ẹ kọ̀wé sẹ́ni tó ń tọ́jú àkójọ náà, ẹ fún un ní nọ́ńbà méjèèjì àti ojú ewé tẹ́ ẹ bá a dé. Wọ́n sábà ṣì ní káàdì nínú dúróò tí wọn ò tíì ṣe síkáànù ẹ̀.